Àyẹ̀wò Tó Yá Jù

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí awakọ̀ ìyẹ̀fun wá wúkọ́ sí ilé búrẹ́dì Onímú, kò sí ẹni tó fura sí nǹkan kan. Awakọ̀ náà já àpò ìyẹ̀fun sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó fi àpò kan ṣe àga, ó sì bu búrẹ́dì gbígbóná sẹ́nu. Ọ̀rọ̀ àìsàn tuntun tó ń gba èémí lọ́rùn èèyàn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ní àwọn dókítà orí rédíò ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n kọ́kọ́ ní ọwọ́ ni kí gbogbo èèyàn máa fọ̀, gbogbo èèyàn fọwọ́ títí ọwọ́ fi fẹ́ bó. Nígbà tó yá, wọ́n tún ní inú afẹ́fẹ́ tá à ń mí ló wà, kí oníkálùkù lọ wá ìbòmú. Lọ́la ńkọ́, ṣé wọ́n máa ní ká má mí mọ́ ni? Onímú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́, ó tún rẹ́rìn-ín. Ìbòmú rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n.

Onímú kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, àdúgbò ló fún un, kò sì bínú sí i. Kò sí aago lára ògiri ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó ṣàdédé dákẹ́, kó fa imú lẹ́ẹ̀kan, kó sì sáré wọlé lọ ṣí ààrò. Búrẹ́dì á ti pọ́n bó ṣe yẹ kó pọ́n. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, máa ń sọ pé ọjọ́ tí imú ọkọ òun bá lọ ìsinmi, èédú làwọn máa tà.

Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Bàbá Àgbà ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbé ní òpópónà kejì pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, àbúrò Onímú. Ìyẹ̀fun tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ fà símú ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Bó bá rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ojú fèrèsé, ó di dandan kó jókòó kó mí. Síbẹ̀, ọ̀gá ṣì ni ọ̀gá. Láràárọ̀ ni Onímú máa ń gbé búrẹ́dì tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ààrò lọ fún un. Bàbá á bù ú sí méjì, á gbé e sún mọ́ imú, á ní iyọ̀ ti dín, ì báà jẹ́ pé iyọ̀ pé. Bàbá àti ọmọ á wá jókòó pọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí àìsàn náà wọ̀lú, àbúrò ti ilẹ̀kùn. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọlé tọ Bàbá, ojú fèrèsé ni kí wọ́n máa gbé nǹkan sí. Onímú gbà, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún. Ó ń dun Bàbá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í fẹ́ jẹ búrẹ́dì tó bá gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń béèrè pé ṣé òun ti di ẹlẹ́wọ̀n ni. Ara rẹ̀ ń joro.

Ọjọ́ kejì tí awakọ̀ ìyẹ̀fun lọ, ó pe Onímú lórí fóònù láti ilé ìwòsàn. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń mí láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì.

"Ọ̀rẹ́ mi, ó ti mú mi o. Ẹ lọ yẹ ara yín wò."

Onímú ò jáfara rárá. Ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò ní wàrà-ǹ-ṣeṣà, ó tò lórí ìlà, wọ́n sì ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ olówùú bọ̀ ọ́ nímú. Kò pẹ́ púpọ̀ tí èsì fi dé orí fóònù rẹ̀: a kò rí àrùn náà. Ó fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ṣe é fún un ní kó dúró.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa, sà. A ò rí i lónìí ni èsì yẹn sọ, kò sọ pé kò sí lára yín. Ìgbà wo lẹ rí ẹni tó ń ṣàìsàn yẹn?"

"Lánàá ni."

"Ó yá jù. Bí kòkòrò yìí bá wọ ara, ó máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó pọ̀ débi tí àyẹ̀wò wa lè rí i. Ẹ wà nílé, ẹ dá yàrá sùn, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ká tún un ṣe."

"Ara mi ò gbóná, mi ò sì wúkọ́."

"Àwọn kan wà tí ara wọn ò gbóná rárá tí wọ́n sì ń kó o ran ẹlòmíì. Sà, àìsàn tuntun ni. A ò tíì mọ gbogbo nǹkan nípa rẹ̀, à ń kọ́ ọ lójoojúmọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wa fi ń yí padà. Bá a bá rí i pé ohun tá a sọ lánàá ò pé, ṣé ká má tún un sọ ni?"

Onímú dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nínú gbogbo ohun tó sọ, "a ò rí i" nìkan ló gbé délé. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá wù wá là ń gbọ́, èyí tó kù á gba etí kejì jáde.

Ìyá Ìbejì bi í léèrè ohun tí nọ́ọ̀sì wí, ó sì sọ ọ́, torí kì í ṣe òpùrọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní kó yáa wọ yàrá tó ṣófo lọ kó ti ilẹ̀kùn. Ó dá a lóhùn pé nọ́ọ̀sì náà fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn ò mọ gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti sọ tiẹ̀, ẹ̀rọ kì í sì í ṣe ojúsàájú. Lọ́jọ́ kejì, ó mú búrẹ́dì àkọ́kọ́, ó wọ ìbòmú, ó di ilé Bàbá.

Ó gbé fóònù rẹ̀ sára gíláàsì fèrèsé kí àbúrò rẹ̀ lè kà á. Àbúrò kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àárẹ̀ ti mú un, òun nìkan ló ń dá ṣe gbogbo rẹ̀, Bàbá ò sì jẹun gidi láti ọjọ́ mélòó kan. Ó bojú wẹ̀yìn wo bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá ti ń na ọwọ́.

"Ṣílẹ̀kùn fún un jàre," ni Bàbá wí.

Àbúrò ṣílẹ̀kùn. Ìdùnnú Bàbá kò ṣeé fẹnu sọ. Ó bu búrẹ́dì sí méjì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní iyọ̀ ti dín. Onímú bọ́ ìbòmú, torí èèyàn ò lè fi ìbòmú jẹ búrẹ́dì. Wọ́n jókòó, èjìká kan èjìká, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ó tún lọ lọ́jọ́ kejì, ó tún lọ lọ́jọ́ kẹta.

Ibi tí Ìyá Ìbejì ti ń bọ̀ lójú títì láàárọ̀ ọjọ́ kan ni òórùn ti pàdé rẹ̀. Ó yára. Ó bá ọkọ rẹ̀ níwájú ààrò, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, kí lẹ̀ ń dúró dè?"

"Kò tíì jinná."

Ó sún ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣí ààrò. Èéfín dúdú tú jáde, ó gba gbogbo yàrá. Búrẹ́dì ti di èédú. Ó fi aṣọ mú ọ̀kan, ó gbé e síwájú imú ọkọ rẹ̀, ó ní kó gbóòórùn rẹ̀. Onímú fa imú. Ó tún fà á. Ojú rẹ̀ yí padà. Ìyá Ìbejì gé àlùbọ́sà, ó gbé ọṣẹ wá, kò sí ìyàtọ̀. Kì í ṣe ọ̀fìnkìn, imú rẹ̀ gbẹ. Ara rẹ̀ kò gbóná. Ẹ̀rù ba àwọn méjèèjì.

Wọ́n pe nọ́ọ̀sì. Ó ní ọ̀rọ̀ imú kò tíì sí lára àwọn àmì tí wọ́n ní káwọn máa wò, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti sọ irú rẹ̀ fún òun lọ́sẹ̀ yìí, òun sì ti fi tó àwọn dókítà létí. Ó ní kó máa bọ̀ kíákíá. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n rí i.

Onímú fúnra rẹ̀ ló pe àbúrò rẹ̀. Ó sọ èsì tuntun náà fún un. Àbúrò gbọ́ ọ tán, kò pariwo.

"Bàbá ti ń wúkọ́ láti àná," ló wí. "Mo rò pé ikọ́ ìyẹ̀fun wọn àtijọ́ ni."

Wọ́n gbé Bàbá lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí i nímú. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé tọ̀ ọ́. Onímú wà ní yàrá tó yẹ kó ti wọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyàwó rẹ̀ ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, olùtọ́jú kan gbé fóònù sí Bàbá létí.

"Ṣé ẹ yọ búrẹ́dì lónìí?" ni Bàbá béèrè.

"Rárá, Bàbá. A ti ti ilé iṣẹ́ pa." "Bàbá, ẹ foríjì mí. Èmi ni mo gbé e wá."

Bàbá mí, ó tún mí.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn."

Bàbá kò lo ọ̀sẹ̀ yẹn já. Àwọn tó wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ ló sin ín. Wọ́n ti rí àìsàn náà lára àbúrò pẹ̀lú, ara tirẹ̀ ò sì le débi tó lè dìde. Bàbá tó tọ́ ọmọ méjì dàgbà, tó kọ́ wọn níṣẹ́, kò sí ọ̀kankan nínú wọn níbi tí wọ́n ti da erùpẹ̀ bò ó. Nígbà tí àbúrò gbádùn, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun kò dá ẹ̀gbọ́n òun nìkan lẹ́bi, òun fúnra òun ló ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kó má tíì wá.

Lẹ́yìn náà ni rédíò sọ ọ́ pé àwọn tó ń ṣèwádìí ti rí i pé imú tó bá ṣàdédé kú wà lára àmì àìsàn náà. Onímú gbọ́ ọ níbi tó ti ń gbá ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

Aago ńlá kan wà lára ògiri ilé búrẹ́dì náà báyìí. Imú Onímú kò tíì padà, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a gbóòórùn. Oníbàárà tó bá ṣèèṣì pe ìnagijẹ rẹ̀ á yára yí i sí nǹkan mìíràn.

Láìpẹ́ yìí, aránṣọ kan wá ra búrẹ́dì méjì, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní èsì òun ti dé, wọn ò rí nǹkan kan, òun ń lọ jókòó ti ìyá òun. Onímú ti fẹ́ gbé búrẹ́dì fún un, ó dá ọwọ́ dúró.

"Ìgbà wo lẹ pàdé ẹni tó ń ṣàìsàn?"

"Lánàá. Aládùúgbò mi ni."

Onímú yọ fóònù rẹ̀, ó ṣí i, ó fi èsì rẹ̀ àkọ́kọ́ hàn án. "Irú tiyín rèé. Èmi náà gbé e lọ fi han bàbá mi." Ó ti búrẹ́dì náà síwájú rẹ̀. "Ẹ gbé e sójú fèrèsé wọn, kẹ́ ẹ dúró níta. Ẹ tún àyẹ̀wò ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Obìnrin náà sanwó. Ó gbé búrẹ́dì rẹ̀, ó lọ. Onímú ò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kà á dé ibí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tiyín. Bí wọ́n bá fún yín ní èsì, ẹ béèrè ohun tí kò lè sọ fún yín. Bí nǹkan kan nínú ara yín bá ṣàdédé yí padà, ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú wa, ì báà má sí nínú àwọn àmì tẹ́ ẹ ti gbọ́. Bí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń kọ́ ọ ni. Ẹ fara da ojú fèrèsé. Kò dùn bí orí bẹ́ẹ̀dì, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó bá ẹni yín níbẹ̀ lọ́la.