Ibi Tí Ọ̀bẹ Ti Yọ̀

"Kékeré, kí ni ìlà funfun yìí ń ṣe níbí?"

Tíṣà iṣẹ́ ọnà fi ìka kan igun bébà náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù gbé róòlà tí wọ́n fi ń kun íǹkì sílẹ̀, wọ́n yíjú sí i.

Iṣẹ́ ìdánwò náà kò ṣòro. Kí oníkálukú gbẹ́ bátànì onígun mẹ́ta sára pákó, kí dúdú àti funfun máa dá ara wọn lóhùn, kí ó kun pákó ní íǹkì, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá tó ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà yóò gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún wọn, Kékeré sì fi méjì àti ààbọ̀ ṣeré. Nígbà tí ọjọ́ kò tó mọ́, ó yọ bébà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn lára ògiri ilé wọn, ó dà á kọ sórí pákó, ó gbẹ́ ẹ. Nígbà tí ó tẹ̀ ẹ́, ọ̀tún di òsì, òsì di ọ̀tún. Inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn. Ta ni yóò dá a mọ̀?

"Bátànì ni, mà."

"Bátànì?" Tíṣà na bébà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó tẹ̀yìn wò ó. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n fojú hàn gbangba. "Ọ̀bẹ yọ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́wọ́ nínú yàrá yìí. Èmi ni mo fi aṣọ di ìka rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìlà yìí ti wá. Ìwọ ńkọ́, ìka wo ni ọ̀bẹ gé ní tìrẹ?"

"Áà! Ó jí iṣẹ́, ó jí àṣìṣe mọ́ ọn!" ẹnì kan pariwo lẹ́yìn. Ẹ̀rín sọ.

Kékeré wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé. Bí ó bá jẹ́wọ́, ilé ẹ̀kọ́ bọ́ nìyẹn. Bí ó bá purọ́, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rèé níta, kò sí àpá kankan. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Ẹ̀rù bà á débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ti ẹ̀gbọ́n mi ni, mà. Mo dà á kọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Tíṣà gbé pákó tuntun lé e lọ́wọ́. "Ó ku wákàtí méjì kí a kó iṣẹ́ jọ. Ibi tí o bá bá a dé ni màá gbà."

Ìlàjì ni ó bá a dé. Ibi tí ọ̀bẹ kò kàn, dúdú kirikiri ló jáde. Máàkì rẹ̀ kò tó, ilé ẹ̀kọ́ kò gbà á lọ́dún náà.

Kékeré lẹ bébà náà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí àlejò bá béèrè ohun tí ó ṣe apá kejì tó fi dúdú báyẹn, èsì rẹ̀ kì í yí padà:

"Àkókò tí mo fi ṣòfò ló wà níbẹ̀ yẹn. Ìyókù, bó ti wù kó kéré tó, èmi ni mo gbẹ́ ẹ."