Ìkíni Nìkan Ló Kà

"Rodi, báwo ni? Mọ́mì ńkọ́? Àbúrò ẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ìyá Ethan tí ẹ jọ ń gbélé ńkọ́?"

"Memu, kí ló dé gan-an?" Mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ni Memunat, kíláàsì kan náà la wà, àmọ́ ìkíni rẹ̀ máa ń sú mi. Bí ilé bá ń jóná, á kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà gbogbo ará ilé kó tó pariwo iná. Lọ́jọ́ yẹn, ṣe ló bú sẹ́kún.

"Orúkọ mi ò sí nínú ìwé tí Àǹtí Kúnbi lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ní mi ò fi àròkọ ránṣẹ́."

Ọwọ́ mi ni ìwé orúkọ yẹn ti jáde. Àǹtí Kúnbi tó ń kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà ní Àgọ́ Palace fẹ́ kọ́ ọmọ mẹ́wàá lọ́fẹ̀ẹ́ nínú họlidé. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi àròkọ ránṣẹ́ sí ímeèlì òun. Àwọn tó kọ̀wé lé ní igba, ó wá ní kí n kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, tó máa ya àwọn tó fi àròkọ ránṣẹ́ sọ́tọ̀, kí òun lè kà á. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni mo fi parí rẹ̀. Àǹtí yìn mí lójú gbogbo èèyàn, ó ní èmi ni màá bá òun kọ́ àwọn ọmọ tuntun. Kò sí ẹni tí n kò tíì sọ fún ní Ìsọlọ̀.

Bàbá Memunat, tó ń tún bàtà ṣe ní Òṣòdì, kò lè rí owó ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà san. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí ni àǹfààní kan ṣoṣo tí ọ̀rẹ́ mi ní.

Mo ṣí lápútọ́ọ̀pù. Apá méjì ni ímeèlì Memunat ní. Àkọ́kọ́ ni: "Ẹ kú iṣẹ́ ma. Ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ. Ará ilé ńkọ́ ma? Kò ní rẹ̀ yín o." Apá kejì ni àròkọ, ojú ewé mẹ́ta gbáko. Ó yẹ kí kóòdù mi yẹ apá kọ̀ọ̀kan wò títí dé ìkẹyìn, àmọ́ torí pé mò ń kánjú, mo ti pàṣẹ fún un pé bó bá ti ka apá àkọ́kọ́, kó bọ́ sórí ẹlòmíràn. Ó ka ìkíni, kò rí àròkọ níbẹ̀, ó sì kọjá lọ.

Mo yẹ ímeèlì yòókù wò lójú Memunat: èèyàn mọ́kàndínlógún, òun náà wà lára wọn, ni mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ojú tì mí gidi.

"Má sunkún mọ́," ni mo wí. "Màá kàn fi orúkọ ẹ kún un. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Mo mọ̀ pé bí Àǹtí bá gbọ́, iṣẹ́ tó fún mi ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Memunat nu ojú. "Àwọn yòókù ńkọ́?"

Bó ṣe máa ń béèrè àbúrò mi gẹ́lẹ́ ló ṣe béèrè wọn. Mo pa lápútọ́ọ̀pù dé.

Mo lọ bá Àǹtí. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe mi ni. Kóòdù mi ò ka ímeèlì àwọn kan dé ìparí."

 Àǹtí jáde, ó já ìwé orúkọ kúrò lára ilẹ̀kùn. "Rodiat, ta ló bá ẹ yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Kò sí, ma. Mo fẹ́ tètè parí ni."

"O ṣeun tó o sọ fún mi. Àmọ́ Olúsọjí ló máa bá mi kọ́ wọn. Jókòó, kó o tún un ṣe."

Ó dùn mí wọra. Olúsọjí, tá a jọ ń kọ́ kọ̀ǹpútà, tí mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń fà bí ìgbín! Mo tún kóòdù náà kọ, Olúsọjí sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn mọ́kàndínlógún náà jáde, wọ́n pé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Memunat sáré wọ ilé wa, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Rodi, báwo ni? Mọ́mì ńkọ́? Àbúrò ẹ ńkọ́?"

Mo ti rí i lójú rẹ̀ pé wọ́n ti mú un. Síbẹ̀ mo jókòó, mo dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi sọ ọ́ fúnra rẹ̀: òun ló ṣe ipò kẹrin nínú àwọn mẹ́wàá. A dì mọ́ra, a ń fò sókè.

Iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi ò tíì padà, àmọ́ mo ti kọ́gbọ́n. Ìkánjú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn mọ́kàndínlógún, òótọ́ tí mo sọ ló sì ṣí i padà.

"Kóòdù ẹ ńkọ́?" ni Memunat béèrè.

"Ó ti ń ka gbogbo rẹ̀ tán báyìí," ni mo dáhùn. "Èmi náà sì ti ń gbọ́ tìẹ tán."