Lẹ́tà Kan Nínú Òdòdó

Ọjọ́ tí Davlatyor kọ́kọ́ wọ àgbàlá ilé Mohlaroyim ní ìlú Nurota, òwú pupa tí ọmọbìnrin náà sá sóòrùn ló tẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìpàkọ́ lojú yín wà ni?"

"Iwájú ló wà. Ẹ̀yin ló ń wò."

Mohlaroyim bú sẹ́rìn-ín, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé òun rẹ́rìn-ín.

Davlatyor wá ya àwòrán súzánì, aṣọ ńlá tí àwọn obìnrin ilé náà fi abẹ́rẹ́ rán òdòdó sí, kó lè gbé e sórí ìkànnì ẹgbẹ́ aránṣọ. Ó yà á tán, kò yéé wá. Ìfẹ́ ò kúkú mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí.

Ní Nurota, wọn kì í rán súzánì parí. Ewé kan gbọ́dọ̀ ṣófo, kí ojú burúkú má bàa bá iṣẹ́ tó pé pérépéré. Nígbà tí Mohlaroyim dé ibi ewé tirẹ̀, ọkàn rẹ̀ kún, ló bá rán lẹ́tà D síbẹ̀, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Davlatyor máa ya àwòrán èyí náà, ṣùgbọ́n ta ló máa rí lẹ́tà náà? Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ẹ má bi mí pé lẹ́tà wo.

Ó ku ọjọ́ méjì kí àwọn alárenà wá tọrọ Mohlaroyim fún ọmọ amọ̀kòkò kan ní Gijduvon, ni Davlatyor gbé kọ̀ǹpútà dé iwájú Xosiyat, ìyá ọmọbìnrin náà.

"Ìyá, àlejò ń wá sórí ìkànnì wa, wọ́n ń wò, wọ́n ń lọ. Wọn ò mọ̀ pé àwòrán yìí ṣeé sọ di ńlá. Wọ́n rò pé ẹ̀rọ ló rán an. Mo ti wá fi àmì kan sígun rẹ̀."

Xosiyat fi èékánná ha ojú kọ̀ǹpútà. "Ta ló da epo sórí iṣẹ́ wa?"

"Kì í ṣe epo, Ìyá. Àwòrán awò ni, bí irú èyí tí arúgbó fi ń kàwé. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: 'Tẹ ibí, kí o rí ojú abẹ́rẹ́.'"

Mohlaroyim di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Ìyá, ẹ má tẹ̀ ẹ́! Ó... ó máa gbóná."

"Ìdí mi ló gbóná. Àárọ̀ ni mo ti jókòó síbí."

Ó tẹ̀ ẹ́. Òdòdó náà tóbi, ó tún tóbi, ó tó àwo oúnjẹ. D sì jókòó gbàgà láàárín ewé.

Xosiyat na ìka sí lẹ́tà náà, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Bàbá rẹ ń jẹ́ Qodir. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń jẹ́ Tohir. Ta ló ń jẹ́ D nínú ilé yìí?"

Davlatyor dìde.

"Èmi ni, Ìyá. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti rí i. Ǹ bá pa á rẹ́, ǹ bá má fi àmì kankan síbẹ̀, ta ni ì bá mọ̀? Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fẹ́ ọmọ yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ rí i, kí ayé tó rí i."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ó bà mí. Ṣùgbọ́n mo ṣì wá."

Xosiyat yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Mohlar, ìwọ ńkọ́?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, Ìyá. Tí ẹ bá ní kí n lọ Gijduvon, màá lọ. Ṣùgbọ́n omijé ni màá máa fi po ìyẹ̀fun níbẹ̀."

Xosiyat gbé fóònù. Ó pe olórí àwọn alárenà.

"Zulfizar, ẹ má wá lọ́jọ́bọ̀ mọ́. Rárá, ara ọmọ le. Ó ti rí tirẹ̀ ni... Ẹ bínú o, ẹ bínú dáadáa, ó tọ́ sí yín."

Ó yíjú sí Davlatyor. "Kí lo dúró ń wò? Sáré lọ pe ìyá rẹ! Kó mú búrẹ́dì méjì dání, ká bù ú pọ̀ ṣe àdéhùn ìgbéyàwó kí bàbá ọmọ yìí tó toko dé. Á pariwo, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì àdéhùn tí a bá ti bù, ariwo kì í lẹ̀ ẹ́ pọ̀."