Ohùn Inú Díráìfù Tó Kú

"Ó ń pè mí," ni ọmọbìnrin náà wí, bẹ́ẹ̀ díráìfù ọ̀hún, irin tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, kò sí lára iná.

Dókítà Dísíìkì gbójú sókè. Orúkọ tí àdúgbò sọ ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe náà nìyẹn. Ó wo wáyà tí òun fúnra rẹ̀ fà yọ, ó tẹ́tí sílẹ̀. Fáànù nìkan ló ń dún.

"Kí ló ń pè ẹ́, àbúrò?"

"Ohùn ni. Látinú ibẹ̀ yẹn."

Ọkùnrin náà sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Ibà ló sọ ọmọbìnrin yìí di adití nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Ìyá rẹ̀ ní irọ́ ni. Ojoojúmọ́ ló ń pe ọmọ náà, tó ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ òun á gbọ́. Ikú ò jẹ́ kó rí ọjọ́ náà. Ìgbà tí ọmọ náà dàgbà, tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ abẹ fún un létí, tó ń gbọ́ òjò, tó ń gbọ́ ìlẹ̀kùn, ló gbé díráìfù kọ̀ǹpútà yẹn jáde kó lè gbọ́ ìyá rẹ̀. Kẹ́, kẹ́, kẹ́ ló ń ṣe. Kò jí.

Dókítà Dísíìkì ti pààrọ̀ bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó ti fi tuntun rọ́pò apá kékeré tó ń ka nǹkan inú rẹ̀, pàbó ló já sí. "Má bínú" ló kù tó fẹ́ sọ.

"Ṣé kí n dáhùn, ọ̀gá?"

"Háà! Má dán an wò!" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Wọn ò kọ́ ẹ nílé ni? A kì í dá ẹni tá ò rí lóhùn."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ta ni ì bá kọ́ mi? Kò sẹ́ni tó pè mí rí tí mo gbọ́."

Lóòótọ́, ta ló ń kìlọ̀ ìpè fún adití? Kí ọkùnrin náà tó nawọ́ dá a dúró, ọmọbìnrin náà ti gbẹ́nu sún mọ́ irin tútù náà, ó fi ohùn rẹ̀ tó wúwo sọ pé, "Mà?"

Fáànù dúró. Yàrá tutù wọnú eegun. Lórí tábìlì, láìsí wáyà, láìsí iná, díráìfù bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Yéè!" Dókítà ti dé ẹnu ọ̀nà. Èmi ì bá tiẹ̀ ti délé. Àmọ́ ẹni tó ti ń wá nǹkan láti àárọ̀ kì í sá nígbà tó bá rí i. Ó padà, ó ki wáyà bọ̀ ọ́. Gbogbo fáìlì tú jáde, ọ̀kan ò bàjẹ́.

"Ó jí! Ó jí o!" Ó ń fò sókè bí ọmọdé.

Wọ́n tẹ ti àkọ́kọ́. Ohùn obìnrin kan pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ó dákẹ́, ó tún pè é. Kò sí ìdáhùn. Omi ń dà lójú ọmọbìnrin náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Òmíràn tún rí bẹ́ẹ̀, òmíràn tún rí bẹ́ẹ̀: ìpè, ìdákẹ́jẹ́, ìpè. Kò sú ìyá yìí.

Wọ́n kan ti ìgbẹ̀yìn, èyí tó gbà sílẹ̀ kété kó tó kú, nígbà tí ọmọ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó pè é. Ó dákẹ́.

"Mà?" Ohùn wúwo tí ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dáhùn ni, inú fáìlì àtijọ́ yẹn ló ti jáde.

Ariwo ayọ̀ ìyá náà sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù: "Ó dáhùn! Ẹ wá gbọ́ o! Ọmọ mi dá mi lóhùn!"