Àgékù Aṣọ Nínú Páìpù Èémí

Kì í ṣe ìfẹ́ ló kọ́kọ́ mú Roheemat lọ́jọ́ tó rí Ìdírísù. Ẹ̀rù ni. Bàbá rẹ̀ ló rán an sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì náà lójú ọ̀nà Òwòdé, n'Ílàró, pé kó lọ wo ibi tí iṣẹ́ dé lórí alùpùpù òun. Ó débẹ̀, ó bá ikùn ẹ́ńjìnnì lórí tábìlì, wọ́n ti là á sí méjì bí obì, ọkùnrin kan sì ti dírílì bọ inú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró," ló wí. "Ṣé ẹ mọ ẹni tó ni nǹkan tí ẹ ń lu?"

"Alhaji Bàrúwà ló ni ín," ọkùnrin náà dáhùn, kò gbójú sókè. "Ìwọ sì ni ọmọ rẹ̀. Imú yín jọra."

Ọkàn Roheemat ò balẹ̀ síbẹ̀. Ìlú òyìnbó ni alùpùpù yẹn ti wá, bàbá rẹ̀ sì ti ń gùn ún kí wọ́n tó bí òun rárá. Irú ikùn ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́, ì báà ṣe n'Ílàró, ì báà ṣe ní Kútọnu. Bí dírílì bá yẹ̀ díẹ̀ pẹ́rẹ́, ó parí nìyẹn.

Ìdírísù ní kó sún mọ́ òun. Ó fi ìka tó dúdú fún ọ́ìlì hàn án. "Wo ihò ìsàlẹ̀ yìí. Ó kéré jù. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ tán yẹ kó gbà sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ kì í ráyè, á wá kó jọ sínú. Mo ń fẹ̀ ẹ́ ni, mo sì ń fi fáìlì onírin yún etí rẹ̀ kó lè dán. Ihò tòkè yìí ni ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Písítìn ń lọ sókè sódò, ó ń ti afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ ò bá rọ́nà jáde, á máa ti ọ́ìlì gba ibi tí kò yẹ."

"Ẹ́ńjìnnì ń mí?"

"Ohun gbogbo tó ń ṣiṣẹ́ ló ń mí. Ìwọ náà, mí. O ti sé èémí látìgbà tó o ti wọlé."

Roheemat rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Aránṣọ ni Roheemat, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Sábó. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ṣòkòtò Ìdírísù kan ṣoṣo ti ya nígbà mẹ́rin, ọ̀dọ̀ Roheemat náà ló sì ń gbé e lọ. Ó ti ń pè é ní Àníkẹ́ mi. Sàlímọ́tù, ìyá Roheemat, rí gbogbo rẹ̀, ó dákẹ́, inú rẹ̀ ń dùn. Bàbá pàápàá, tí kì í yin ẹnikẹ́ni, gun alùpùpù rẹ̀ yí àdúgbò ká, ó ní, "Ọmọ yẹn mọṣẹ́. Kí àwọn ẹbí rẹ̀ wá rí mi lẹ́yìn Iléyá."

Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó. Páìpù rọ́bà tí Ìdírísù so mọ́ ihò òkè, kí afẹ́fẹ́ lè gbà á jáde, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn ló parí sí. Ó máa ń tu ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ síni láṣọ. Ó ti ba gáùn kan jẹ́ fún Roheemat.

Ni ọjọ́ wòlímà Mẹ̀dínátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bá dé. Òwòdé ni wọ́n ti ń ṣe é, bàbá sì ní òun á gbé Roheemat, òun á já a sílẹ̀ níbẹ̀, òun á wá kọjá lọ sí Ìdí-Ìrókò. Roheemat ti rán gínì funfun sílẹ̀ fún ọjọ́ náà, gínì aláwòrán ewé. Bí bàbá ṣe ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, ó ká àgékù gínì náà, ó ki í bọ ẹnu páìpù, ó fi ìka tì í wọlé dáadáa. Ó ní bí àwọn bá ti dé Òwòdé, òun á yọ ọ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó gbàgbé. Ọ̀rẹ́ sáré wá dì mọ́ ọn, wọ́n ń yin aṣọ, bàbá sì ti ṣáná sí i, ó ti lọ.

Wọn ò tíì gbé oúnjẹ kalẹ̀ tí fóònù fi dún. Ìyá rẹ̀ ni. "Roheemat, bàbá rẹ ṣubú lọ́nà Ìdí-Ìrókò."

Kí ìyá rẹ̀ tó sọ gbólóhùn kejì ló ti mọ ohun tó fà á.

Ẹsẹ̀ bàbá kán níbi méjì. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti ń ṣàlàyé fáwọn ẹbí: "Ọ́ìlì ló tú lójijì. Ó da táyà ẹ̀yìn, táyà yọ̀. Ọmọ yẹn ti gbẹ́ ẹ́ńjìnnì mi di asẹ́. Ẹ gbé e padà fún un, kó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mi ò ní fi ọmọ mi fún ẹni tó fẹ́ pa mí."

Ó yẹ kí Roheemat sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ torí aṣọ ni bàbá òun fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Báwo lèèyàn ṣe ń wí irú rẹ̀ létí bàbá? Kí sì ni Ìdírísù á máa rí lójú òun, bó bá gbọ́?

Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ rẹ̀, àyà rẹ̀ á já. Lọ́jọ́ karùn-ún, jìnnìjìnnì lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìdírísù, pé bóyá òun ṣì lè yọ aṣọ náà kó tó rí i. Ó wo ẹnu páìpù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ìdírísù ti rù. Àwọn oníbàárà ti ń gba ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn lọ.

"Kí lo rí?" Roheemat bi í.

"Síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, ló fò, ọ́ìlì wá rọ́nà jáde."

"Kí ló mú un fò?"

Ó yíjú sí tábìlì rẹ̀. "Àṣìṣe mi ni, Àníkẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi á tẹ̀ lé mi wá bẹ Bàbá."

Ó yẹ kí ara tu Roheemat. Ńṣe ni ẹ̀rù rẹ̀ di méjì.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ìdírísù àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ Alhaji Bàrúwà. Ẹsẹ̀ bàbá, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ọsibítù dì, wà lórí àpótí. Roheemat wà lẹ́yìn kọ́tìnì.

"Fẹnu ara rẹ sọ ọ́," ni bàbá wí. "Ta ló ba ẹ́ńjìnnì yẹn jẹ́?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ forí jì mí."

Ẹ̀rù tó dá Roheemat dúró láti ọjọ́ yìí wá náà ló tì í jáde. Ó kúnlẹ̀ láàárín wọn. "Kì í ṣe òun, Bàbá. Èmi ni mo ki aṣọ bọ páìpù, kí ọ́ìlì má baà ta sí mi láṣọ. Èmi ni."

Ìdírísù ti ọwọ́ bọ àpò àyà rẹ̀, ó yọ àgékù aṣọ kan jáde, dúdú kirikiri. Létí rẹ̀ níbi tí ọ́ìlì ò dé, ewé gínì ṣì hàn.

"O ti mọ̀?" Roheemat bi í.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé alùpùpù dé."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ẹsẹ̀ kan ti kán nílé yìí. Mi ò fẹ́ kí nǹkan mìíràn tún kán."

Bàbá ò jágbe. Roheemat ì bá fẹ́ kó jágbe. Ó wo aṣọ náà, ó bi Ìdírísù pé, "Ṣé o ti tún un ṣe?"

"Mo ti tún un ṣe, Bàbá."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ó dáa. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gùn ún lọ sí Ìdí-Ìrókò lọ́la. Ọ̀nà tí mo gbà ni kí ẹ gbà. Roheemat, gínì yẹn ni kó o wọ̀. Bí ẹ bá fẹsẹ̀ ara yín rìn wọlé padà, a ó sọ̀rọ̀."

Sàlímọ́tù káwọ́ lérí. "Bàbá Roheemat, ẹ dákun, ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Roheemat di ẹ̀yìn Ìdírísù mú bí ẹni tó fẹ́ rì sódò. Wọ́n kọjá Òwòdé. Níbi tí bàbá ti ṣubú, àmì ṣì wà lójú títì, ó gùn, ó funfun. Roheemat lu Ìdírísù léjìká.

"Dúró kí n sọ̀. Mo bẹ̀ ọ́."

"Mo lè dúró," ni Ìdírísù wí. "Àmọ́ kọ́kọ́ sún ẹsẹ̀ rẹ mọ́ páìpù."

Ó sún un. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń fẹ́ sí i lọ́rùn ẹsẹ̀, fù, fù, fù, láìdáwọ́ dúró. Ọ́ìlì ta sí i láṣọ. Ó rí i bó ṣe ń ba gínì náà jẹ́, kò fà á sẹ́yìn. Kò sì ní kó dúró mọ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, ṣùgbọ́n òun náà ti ń mí.

Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì ni wọ́n padà dé. Bàbá ti jókòó síta, igi ìtilẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò wo ojú wọn. Ó na ọwọ́ mú etí aṣọ ọmọ rẹ̀, ó fi ìka ra ọ́ìlì ibẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ó ń mí," ló wí.

Roheemat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ onísìmẹ́ǹtì náà, ó sunkún. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì kọjú sí Ìdírísù tó dúró gbọn-in lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù.

"Lọ fi rọ́bà kún páìpù yẹn, kó gùn kọjá táyà ẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ ò ní máa fi gínì funfun nu ọ́ìlì títí ayé."