Ìrìn Inú Yàrá

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni ìyá aránṣọ ti kọ́kọ́ rí bàbá káfíńtà. Àìsàn ọkàn ló gbé àwọn méjèèjì débẹ̀. Bàbá náà ń fọwọ́ ra ògiri rìn, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Bàbá, ta lẹ ń sá fún?"

"Ikú ni. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó bá jókòó ló máa ń tètè bá. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká jọ sá."

Ẹ̀rín pa aránṣọ. Ó dìde. Kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀, ìfẹ́ bàbá náà ti kó sí i lára.

Ṣùgbọ́n nílé, ọmọbìnrin aránṣọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kúrò, ó sì ń ti ìlẹ̀kùn yàrá òkè mọ́ ọn. "Màmá, ẹ ṣáà sinmi." Nígbà tí káfíńtà wá kí i, ọmọ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ pa ìyá mi ni?"

Ìsinmi wá di ẹ̀wọ̀n. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun aránṣọ, oorun ń sá fún un. Àárọ̀ nìkan ló ń dùn, torí káfíńtà a máa rìn lójú títì nísàlẹ̀, òun náà a máa rìn láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì dé ojú fèrèsé.

"Adúmáradán, ẹ̀ẹ̀melòó?" ni káfíńtà a máa ké láti ìsàlẹ̀.

"Ogójì!"

Ó di ọjọ́ kan, káfíńtà kò wá. Ọjọ́ kejì, kò wá. Lọ́jọ́ kẹta, àyà aránṣọ ń lù kì-kì-kì. Ó rọra ń mí bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ẹ̀rù ni, ẹ̀rù lásán ni," títí àyà rẹ̀ fi rọlẹ̀. Nígbà tí ọmọ gbé tíì wọlé, ó ti wọ bàtà.

"Màmá, ibo?"

"Mò ń lọ wò ó."

"Tí ẹ bá ṣubú ńkọ́?"

"Inú yàrá yìí ni mo ti ṣubú."

Ọmọ bú sẹ́kún. "Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dákú! Mi ò fẹ́ rí irú ẹ̀ mọ́."

Ìyá fà á mọ́ra. "Mo mọ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ò ń sin mí láàyè."

Wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n rìn títí dé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Bàbá náà jókòó, ó fi báńdéèjì di ọrùn ẹsẹ̀ tó fi rọ́. Bó ṣe rí aránṣọ, ó gbàgbé ìrora, ó dìde fùú.

"Ta ló gbé yín wá?"

"Ẹsẹ̀ mi ni."

Omi lé ròrò sójú bàbá náà. Ó yíjú sí ọmọ. "Ọmọ mi, mo fẹ́ fẹ́ ìyá ẹ."

Ọmọ ti jókòó sórí pákó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bàbá, ẹ máa fẹ́ wọn. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí ná."