Mi Ò Ní Ba Mọ́tò Bàbá Rẹ Jẹ́

Gbogbo mọ́tò tó bá ń gun òkè àdúgbò wọn bọ̀, etí ni Àǹtí Bíréèkì fi ń kọ́kọ́ rí i. Imú ọkọ̀ ò tíì yọ ní kọ́nà tí yóò ti ní, "Gíà kẹta ló wà, epo ò dé ibẹ̀ dáadáa." Ṣùgbọ́n ní Sátidé ọjọ́ yẹn, mọ́tò aláwọ̀ eérú kan kàn yọ lójijì, ó kọjá lára rẹ̀ fìrì, kò dún, kò hó. Ó dé orí òkè, ó yí padà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá dúró níwájú rẹ̀ gan-an.

"Yéè! Iwin ni àbí mọ́tò?"

Wọn ò ṣàdédé pè é ní Àǹtí Bíréèkì o. Bàbá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún mọ́tò eré ìje ṣe nísàlẹ̀ òkè, bíréèkì sì niṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Bí àwọn ọkùnrin bá ń fọ́nnu nípa agbára ẹ́ńjìnì wọn, á ní, "Ta ló bi yín léèrè eré? Báwo ló ṣe ń dúró? Ìwúwo ló ń pa mọ́tò. Èyí tó bá fúyẹ́ tó sì mọ̀ ọ́n dúró, òun ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀."

Ẹni tó jáde nínú mọ́tò náà ga, ó dúdú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jalè tí wọn ò mú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya àwòrán mọ́tò oníbátìrì ní ilé iṣẹ́ kan nígboro.

"Ẹ káàsán o. Ṣé mọ́tò mi dẹ́rù bà yín ni?"

"Mọ́tò? Fìríìjì onítáyà yẹn?"

"Fìríìjì tó fò kọjá níwájú yín ńkọ́?"

"Ó wúwo. Mo rí bí táyà rẹ̀ ṣe ń jìyà ní kọ́nà. Ẹ fọwọ́ kan bíréèkì yẹn kẹ́ ẹ wò ó."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́, ó sì yára fà á padà, bíréèkì ti gbóná bí iná. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Òótọ́ lẹ sọ," ó ní. "Ibi tí mo kù sí nìyẹn."

Ẹ gbọ́ mi, ọkùnrin tó lè gbà pé mọ́tò òun ní àléébù, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ibẹ̀ lọkàn Àǹtí Bíréèkì ti fà sí i. Lọ́sẹ̀ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe bíréèkì tuntun sí mọ́tò eérú náà.

Àríyànjiyàn wọn ò tán. Dákẹ́jẹ́, orúkọ tí Àǹtí fún ọkùnrin náà nìyẹn, ní ẹ́ńjìnì elépo máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó sáré, pé tòun, bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti lọ. Àǹtí ní mọ́tò tí kò bá dún kò lè sọ fún awakọ̀ pé ó ti rẹ òun. Inú ìjà yìí ni wọ́n wà títí wọ́n fi ń pe ara wọn ní olólùfẹ́.

Bàbá ni wàhálà. Lójú rẹ̀, àwọn oníbátìrì ló fẹ́ pa iṣẹ́ tó fi tọ́mọ run. "Ọmọ mi ò ní wọ mọ́tò tí kò lẹ́ńjìnì lọ sílé ọkọ!"

"Bàbá mi, ọkùnrin náà ni mò ń fẹ́, kì í ṣe mọ́tò rẹ̀."

"Ṣé wàá fẹ́ ẹ láìgbàṣẹ mi ni?"

Àǹtí Bíréèkì gbé sípánà, ó padà sídìí iṣẹ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló kù fún ara wọn. Ó fẹ́ràn Dákẹ́jẹ́ dọ́kàn, ṣùgbọ́n kò ní ṣègbéyàwó lẹ́yìn bàbá rẹ̀ láé.

Nígbà tó yá, Bàbá ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà. Ó mú àwọn méjèèjì lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ká aṣọ kúrò lórí mọ́tò funfun kékeré kan, oníjókòó méjì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kàn án. Òun ló fi gbé ìyàwó rẹ̀ wálé. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti sán, ó ti pẹ́.

"O ní bátìrì dáa ju ẹ́ńjìnì lọ," Bàbá ní. "Ó dáa. Yọ ẹ́ńjìnì yìí, fi tìẹ sí i. Bó bá gun òkè, mú ọmọ mi lọ."

Inú Àǹtí Bíréèkì dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Ṣé iṣẹ́ nìyí lọ́wọ́ Dákẹ́jẹ́? Ọkùnrin náà yí mọ́tò náà po, ó dùbúlẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ibi tí ẹ́ńjìnì jókòó sí, láàárín gbùngbùn, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè pín ẹrù náà dọ́gba. Ó pẹ́ kó tó dìde.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò ní ṣe é."

"O ò mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n ṣe, sà. Á tilẹ̀ sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bátìrì á sọ ọ́ di ẹlẹ́rù. Ẹni tó kan mọ́tò yìí ro gbogbo irin inú rẹ̀ kó tó fi síbẹ̀. Mi ò ní torí ìyàwó ba iṣẹ́ irú èyí jẹ́." Ó kí Bàbá, ó sì jáde.

Àǹtí Bíréèkì sáré bá a níta. "Ṣé orí ẹ pé báyìí? Wọ́n ní kó o wá mú mi, o ní o ò ṣe!"

"Olólùfẹ́ mi, ta ló kọ́ mi pé ìwúwo ló ń pa mọ́tò?" Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Bí mo bá fi irọ́ gbà ọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ lónìí, kí ni màá wá máa bá ọ sọ lọ́la?"

Ìbínú Àǹtí Bíréèkì tán pátápátá. Orí rẹ̀ wú. Ó ní kó dúró síbẹ̀, kó má ṣe lọ, ó sì wọlé padà.

Bàbá ṣì dúró ti mọ́tò funfun náà. "Gbogbo àwọn tó ti ń wá fẹ́ ọ, bí mo bá ní adìyẹ léyín, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó ní. "Ká ní eléyìí gbà ni, màá fi ọ́ fún un, torí mo ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n inú mi ì bá bàjẹ́ títí màá fi kú. Ó rí iṣẹ́ ọwọ́ mi, ọmọ mi. Pè é wọlé."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ jí mọ́tò náà dìde. Bàbá jó ojú ibi tó sán pọ̀, ọmọ rẹ̀ ṣe bíréèkì, Dákẹ́jẹ́ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹ́ńjìnì.

"Apá ibo ló ti ń ké?"

"Apá òsì, sà."

"Irọ́ ni. Apá ọ̀tún ni. Wàá mọ̀ ọ́n ṣá."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyàwó ló wa mọ́tò funfun náà gun òkè, ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ariwo ẹ́ńjìnì gba gbogbo àdúgbò. Mọ́tò eérú tẹ̀ lé wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: Bàbá ló ń wà á.

Ó jáde, ó ṣu ẹnu pọ̀, ó yí mọ́tò oníbátìrì náà ká. "Ó wúwo," ó ní. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìdí táyà rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n dúró. Ta ló ṣe bíréèkì rẹ̀?"

"Ìyàwó mi ni, sà," ni ọkọ tuntun dáhùn.

Bàbá wo àwọn méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ wú. "Mo mọ̀," ó ní. "Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ ni."